Òfin Ìkíni Lórí Tẹlifóònù

Kí tẹlifóònù tó wọ ilé Bàbá Oyèníran ní Ìpọ̀nrí, ní Surulere, ìjọba méjì ti wá, wọ́n sì ti lọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè fún un, Adùnọlá ọmọ rẹ̀ ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n wá fa wáyà rẹ̀ wọlé, Adùnọlá ti di táípíìsì ní ọ́fíìsì kan ní Yaba, ọkọ ìyàwó sì ti yọjú. Ẹ̀rọ dúdú náà jókòó sórí tábìlì kékeré kan ní pálọ̀, Mabel, ìyàwó Bàbá, sì fi aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó kí eruku má baà bà á. Ẹni tí wọn yóò fi pè ni wọn kò rí. Àwọn tí Bàbá mọ̀ tó ní tẹlifóònù kò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé àdúgbò náà, tó jẹ́ pé bí ó bá yọrí lójú fèrèsé, ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá Oyèníran kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ láyé tí òfin kò lè tún ṣe. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, òfin ló kù. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá dá irun sí tó di igbó, òfin náà ló kù. Àwọn sọ́jà tó ń ṣèjọba nígbà náà wù ú fún ìdí kan ṣoṣo: wọ́n lè ṣe òfin láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán gbogbo ìlú ti ń pa á mọ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọn kì í bi àgbà léèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Ibi ìpè kan ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọláníyì ló pè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Adùnọlá, òṣìṣẹ́ báǹkì kan ní Ìlọrin. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti múra tán láti wá tọrọ ìyàwó, ó ku kí Bàbá dá ọjọ́, ọjọ́ náà ló sì fi tẹlifóònù ọ́fíìsì pè láti béèrè. Mabel gbé e, ó yọ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Bàbá gbé ẹ̀rọ sétí. Ohùn tó gbọ́ fún pọ̀, ó ń mí gúlegúle, bí ohùn ẹni tó jẹun yó tó wá nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọláníyì ni, sà."

Bàbá wolẹ̀. Láti ìgbà tó ti di bàbá ọmọ, kò sí ọmọkùnrin tó kí i láàárọ̀ tí kò rí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá ń kí i yìí, kò sì rí orí kankan nílẹ̀, ògiri pálọ̀ ló ń wò.

"Báwo lo ṣe ń kí mi yẹn?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, sà."

"Ta ló rí ọ?"

Ọmọ náà ní gbogbo ọ́fíìsì ló rí òun. Bàbá ní òun kò sí nínú ọ́fíìsì náà. Ọmọ náà ní òun lè pe ọ̀gá òun kó wá jẹ́rìí. Bàbá béèrè ọjọ́ orí ọ̀gá náà, nígbà tó sì gbọ́ pé kò tíì pé ogójì ọdún, ó ní ẹlẹ́rìí náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó lè jẹ́rìí fún ẹlòmíràn. Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó ní òun kò dá ọjọ́ kankan.

Mabel bẹ̀ ẹ́ títí. Báǹkì kò ní fún ọmọ náà láyè láti wá sí Èkó títí ọdún yóò fi parí, àwọn òbí rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ níwájú àti lẹ́yìn pé ilé tí wọ́n ti ń lé àna kó tó wọlé, kí ni wọn yóò ṣe fún un bó bá wọlé tán. Bàbá ní tẹlifóònù ni kí wọ́n bá wí. Ó ní òyìnbó tó ṣe é kò ní àna. Òyìnbó a máa dúró gangan kí bàbá rẹ̀, a sì tún máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa ìkíni tí yóò fi ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá?

Adùnọlá kò bẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀. Inú ń bí i.

"Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ní kóòtù, a kì í gba 'mo mọ̀'," ni Bàbá dá a lóhùn. "'Mo rí i' là ń gbà."

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀ kò mọ Bàbá Oyèníran. Lójú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọláníyì mọ́, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò. Ó jókòó, ó kọ òfin tí ẹgbẹ́ yóò fi ránṣẹ́ sí ìjọba, Adùnọlá ló sì gbé e fún pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó rọ́kọ fẹ́ ló ń fi ìka ara rẹ̀ tẹ òfin tó ń lé ọkọ náà. Ó ń gbá bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà "o" ń dá ihò sí ìwé.

Òfin náà sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ pe àgbà lórí tẹlifóònù, àgbà ni yóò máa pe ọmọdé. Kí àṣìṣe má sì wà, kí ìjọba tẹ ọjọ́ orí olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé tẹlifóònù. Ẹni tó bá rú u, kí wọ́n gé wáyà rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá kà á nípàdé, Àǹtí Gertrude ló kọ́kọ́ dìde. Opó ni, ó ń ta aṣọ ní ọjà Tejuoso, ó sì ní ilé alájà kan ní igun àdúgbò. Ó ní kò sí obìnrin onílàákàyè tí yóò jẹ́ kí ìjọba kọ ọjọ́ orí òun sínú ìwé tí wọ́n ń pín káàkiri Èkó. Bàbá ní kí obìnrin kọ iye tó bá wù ú. Àǹtí Gertrude ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Alága múra sílẹ̀, nítorí gbogbo ìyá àgbà Surulere ni yóò di àbúrò Adùnọlá.

Alhaji Àmúsà ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Òun ló dàgbà jù ní àdúgbò náà, Bàbá pàápàá a máa dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò ní tẹlifóònù, kò sì wù ú láti ní in.

"Ìránṣẹ́ ni tẹlifóònù," ló wí. "Bí ẹnìkan bá ránṣẹ́ kí ọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé o máa ń bi ìránṣẹ́ bóyá ẹni tó rán an dọ̀bálẹ̀?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Alhaji má bínú, ẹni tí kò ní tẹlifóònù kò lè dá sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù.  Alhaji bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókún, kò sì sọ ohunkóhun mọ́ títí ìpàdé fi parí.

Ambrose ló da omi tútù sí ìpàdé náà lára, tíṣà kan tí kì í fi ìwé ìròyìn sílẹ̀ láìkà á tán. Ó rọra béèrè pé nínú àwọn sọ́jà tó ń ṣèjọba yìí, mélòó ló ti pé ogójì ọdún? Bí ọmọdé kò bá gbọdọ̀ pe àgbà mọ́, ta ni wọn yóò lè pè? Ó ní bí ó ti yé òun sí, ẹgbẹ́ onílé Ìpọ̀nrí ń ní kí ìjọba ológun panu mọ́.

 Onílé kan rántí pé òun fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Òmíràn rántí pé ara òun kò yá láti àná. Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé òfin náà dára gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ Alága nìkan ni kó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ní òun kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, ó gbé bírò lé e, ó ní tó bá di Sátidé òun yóò fọwọ́ sí i. Bí ó bá ti kọjá níbẹ̀ báyìí, ojú ògiri ló máa ń wò.

Ní àárọ̀ Sátidé, Mabel ti lọ sí ọjà, Adùnọlá ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí tẹlifóònù dún. Bàbá gbé e. Ọmọbìnrin kan tó ń so ìlà fún àwọn ènìyàn sọ fún un pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pè, kó má gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn kan wọlé, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti ẹ̀bá oko kejì.

"Àkàngbé. Àkàngbé ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyí?"

Ní Ìpọ̀nrí, Alága ni wọ́n ń pe Bàbá Oyèníran. Nínú ilé, Bàbá ni. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè é ní Àkàngbé, ìyá rẹ̀ ni, ó sì ti lé lọ́dún tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Ìyá àgbà náà kò fọwọ́ kan tẹlifóònù rí.

Kò mọ ìgbà tí orókún rẹ̀ kan ilẹ̀. Kò mọ ìgbà tí àyà rẹ̀ kàn án. Wáyà fà, tábìlì mì, aṣọ tí Mabel fọwọ́ hun já bọ́ lé e lórí, òun náà sì nà gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹ̀rọ létí. Ó ń kí ìyá rẹ̀ kú àárọ̀, kú àtijọ́, kú àìlera, gbogbo ìkíni tó mọ̀ ló ń já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀.

"O ti dọ̀bálẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹni tó bá da àyà délẹ̀, ohùn rẹ̀ á fún. Nígbà tí o ń kí bàbá rẹ láàárọ̀, inú yàrá ni mo máa ń wà, n kì í rí ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ tí o dọ̀bálẹ̀, mo sì mọ ọjọ́ tí ọ̀lẹ mú ọ tí o kàn bẹ̀rẹ̀."

 Ìyá rẹ̀ ń bá tirẹ̀ lọ pé ọmọkùnrin kan láti Ìlọrin ló wá bá òun nílé, tó gbé òun wá sí pósófíìsì kí òun lè bá a bẹ bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti so ìlà náà ni ọmọ náà ti wà nílẹ̀ níwájú òun, tó dínà mọ́ àwọn tó fẹ́ ra sítáǹbù, tó sì ń kí òun kú àdúrótì láti ibẹ̀.

"Mo ní kó dìde, ó ní ìwọ kò tíì ní kí òun dìde. Àkàngbé, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tìrẹ báyìí."

Ìgbà náà ni Bàbá Oyèníran rántí ohùn ọjọ́sí, ohùn tó fún pọ̀ tó ń mí gúlegúle. Bẹ́ẹ̀dì ló rò. Ọmọ ọlọ́mọ ti da àyà délẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ báǹkì, òun sì ń bi í ta ló rí i. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, ó sì dára pé kápẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń wò.

"Màmá," ló wí, "ẹ ní kó dìde. Ẹ gbé e fún un kí n fẹnu ara mi—"

Ìlà já. Ó pe ìyá rẹ̀, ó tún pè é. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ gbáà.

Adùnọlá sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, nítorí ó ti gbọ́ tí nǹkan mì. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí ìkùn, aṣọ tẹlifóònù wà lórí rẹ̀ bíi fìlà, ó sì rò pé àìsàn ló gbé e ṣubú. Bàbá ní ara òun le. 

"Adùnọlá, ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́sí."

Adùnọlá wò ó títí. "Ta ló rí i, Bàbá?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Bàbá wí.

Ó ní kó kọ lẹ́tà sí Ìlọrin lónìí, kí Ọláníyì kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá ní ọjọ́ tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bí Ọláníyì fúnra rẹ̀ kò bá sì ráyè, kí wọ́n wá láìsí i, òun yóò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Omijé bọ́ lójú Adùnọlá, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nù ún, ọṣẹ sì ta á lójú, ó ń sunkún ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ láti fa bàbá rẹ̀ dìde. Bàbá kọ̀.

"Ìlà já kí Màmá tó ní kí n dìde."

Adùnọlá gbá ẹ̀rọ náà níhìn-ín, ó gbá a lọ́hùn-ún, kò dún. Ó ní òun yóò ní kó dìde dípò ìyá àgbà. Bàbá ní ọmọ kì í gbé bàbá rẹ̀ dìde nílẹ̀ ìkíni, aya kì í sì í gbé ọkọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ju òun lọ lọ́jọ́ orí, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ẹnìkan ló wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Bàbá mí kanlẹ̀, bó ṣe lè mí kanlẹ̀ tó pẹ̀lú àyà nílẹ̀, ó ní kó lọ pè é.

Alhaji Àmúsà fara balẹ̀ wọlé, ọ̀pá ń kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo Alága nílẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ tó dákẹ́. Ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí.

Bàbá Oyèníran kí i láti ilẹ̀. Alhaji dá a lóhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan súnmọ́, ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókún, ó sì ní kí Adùnọlá bá òun ka òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó rọra kà á.