Àwọn Èèrà Tó Gbé Ẹsẹ̀ Mi Lọ

Ìyá Báyọ̀, má tíì lọ dáná, jókòó tì mí. Àlá kan ni mo lá, àyà mi ṣì ń já.

Mo wà ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fẹ́ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó fi abẹ́rẹ́ gún mi ní ìka, kàkà kí ẹ̀jẹ̀ jáde, oyin ló ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Ni èèrà bá ń wọlé, wọ́n tò bí èèyàn tó wá gba káàdì. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ má mira o, ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́ wọn."

Mo pariwo pé mo ti mu omi ewúro, pé ewúro ti pa ṣúgà náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lo oògùn mi mọ́. Ibẹ̀ di ẹ̀yìnkùlé wa, ìwọ sì ń fún ewúro sínú ọpọ́n. Mo gba ọpọ́n náà, mo dà á lé àwọn èèrà lórí. Wọ́n mu ún gbẹ, wọ́n nu ẹnu, wọ́n bọ́ ẹsẹ̀ òsì mi bí ẹni bọ́ bàtà, wọ́n rù ú, wọ́n ń lọ. Kò dùn mí rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ń pè ọ́, o kò gbọ́.

Mo bá ta jí. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà lábẹ́ aṣọ, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ náà kò mọ̀ pé mo fọwọ́ kan òun.