Òwú Tó Yí Sọ́wọ́ Òsì

Inú ti ń bí Zélie Naquin kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá. Clovis àbúrò rẹ̀ ló ń bí i nínú, nítorí Clovis ló gbà pé kí wọ́n mú bàbá wọn lọ sí ìlú Houston, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn àgbà. Clovis ní Pàpá ti ń gbàgbé nǹkan, ó ní ó gbé ìkòkò kaná, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Zélie ní irọ́ ni. Ta ni kì í gbàgbé ìkòkò lórí iná? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ibì kan: wọn yóò gbé Pàpá lọ sínú àbàtà kó lọ pẹja. Bó bá ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kò síbi tó ń lọ.

Kò sí ẹni tó ń gbé etí odò náà tí kò mọ ìdẹ onírun àwọn Naquin. Irun ìrù àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi òwú wé e mọ́ ìwọ̀, wọ́n á so ẹyinjú òjé méjì mọ́ ọrùn ìwọ̀, yóò sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún nísàlẹ̀ omi bí edé tó ń sá. Ẹja pupa tí wọ́n ń fi í pa kò mọ jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Eyín ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń fọ́ akàn, ìkarahun tó wà níbi tó ń gbé sì mú bí abẹ. Ìdẹ tí èèyàn rà níbòmíràn, kó tó pa ẹja kan ṣoṣo, ó ti di jákujàku. Ti Naquin kì í tú. Gọ́ọ̀mù ló dì í mú: wọ́n á fi sábẹ́ òjé, wọ́n á fi sórí òwú, wọ́n á tún fi bo gbogbo rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, Pàpá á fi ẹ̀mú fà á. Èyí tó bá mì, inú iná ló ń lọ. Ti Clovis ni wọ́n máa ń jó jù, torí kò ní sùúrù kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Òun náà á wá máa fi Pàpá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì ni, pé Pàpá nìkan ni òwú ẹ̀ ń yí sódì, sọ́wọ́ òsì, nínú ilé.

Pàpá àti Clovis ti so ìdẹ mọ́ okùn kí Zélie tó gbé kọfí dé etí omi. Clovis dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fi ọ̀pá gígùn tì í lọ. Pàpá Evariste dúró níwájú. Kò pẹ́, ìrù ẹja kan yọ lẹ́bàá koríko, ó ń dán bíi bàbà. Pàpá ò dúró kí ẹnikẹ́ni fi hàn án. Ó ju okùn, ìdẹ balẹ̀ jẹ́ẹ́ níwájú ẹja, ó rọra fà á, omi sì bú gbàmù.

"Ṣó o rí i?" Zélie kígbe mọ́ Clovis. "Ẹni tó ń gbàgbé nǹkan nìyẹn! Ṣó o ti wá rí i lójú ẹ báyìí?"

"Mo rí i," ni Clovis wí.

Ẹja náà sáré gba àárín àbàtà. Pàpá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi èdè Faransé àtijọ́ tó fi máa ń bú ajá bú u. Ó fà á títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹja ńlá tó gùn tó apá èèyàn. Zélie ti na àwọ̀n sí i. Bẹ́ẹ̀ ni okùn rọ̀ wọ̀ọ̀, tí ẹja sì lọ. Irun ìdẹ ti tú. Òjé ti yọ̀ kúrò lọ́rùn ìwọ̀, ó ti wọ́ dé ẹnu ìwọ̀, ó sì ti ìwọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹja.

"Clovis! Ọ̀lẹ! Aláìníláárí!" Zélie fò dìde débi pé ọkọ̀ fẹ́ dànù. "Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀! Ẹ̀kán kan ò sí! Àbí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Torí kí Pàpá lè lọ lo ṣe so ìsọkúsọ yìí mọ́ okùn ẹ̀, àbí? Kó o lè ráyè sùn!"

Clovis fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo koríko.

"Dáhùn! Àbí wọ́n gé ahọ́n ẹ ni?"

"Ẹni tó so èyí," ni Pàpá wí, "kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òwú mọ́ nílé mi. Ojú ń tì mí! Mú un wá, Zélie, kí n wò ó."

Zélie fa okùn náà wọlé, ó já ìdẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ fi í han Clovis lójúkojú. Ìgbà náà ló rí òwú. Ìwọ̀nba tó kù lọ́rùn ìwọ̀ yí sọ́wọ́ òsì.

Ó wo Clovis. Clovis mi orí fún un, díẹ̀ báyìí, pé kó má sọ̀rọ̀.

"Mo ní kó o mú un wá!"

Zélie pa àtẹ́lẹwọ́ dé, ìwọ̀ náà sì gún un. "Ó ti bàjẹ́, Pàpá. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò níbẹ̀."

"Èmi ni mo so ó, Pàpá," ni Clovis wí. "Ẹ má bínú."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ta ni ì bá tún ṣe irú ẹ̀? Tá a bá délé, wàá jókòó tì mí. Màá kọ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọdé."

Wọ́n délé, wọ́n jẹ ọbẹ̀ gumbo. Pàpá fi ìwọ̀ sẹ́nu irin tó ń dì í mú, ó fa Clovis jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Lajú ẹ dáadáa, olórí kunkun." Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Òjé jókòó síbi tó yẹ, irun tẹ́ síbi tó yẹ, òwú ń yí sọ́wọ́ òsì. Zélie ṣí gọ́ọ̀mù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ Pàpá. Pàpá ta kókó, ó gé òwú, ó fọwọ́ ti gọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ó parí nìyẹn."

"Pàpá," ni Zélie wí, "gọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Gọ́ọ̀mù? Kí la fẹ́ fi gọ́ọ̀mù ṣe?"

Kì í ṣe àwàdà. Ó ń dúró kí Zélie dá a lóhùn.

"Kò sí nǹkan, Pàpá," ni Clovis wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Inú ṣì ń bí Zélie, ó ń bí i gan-an ni, kò kàn sẹ́ni tó lè darí ìbínú náà sí mọ́. Ó wọ yàrá Pàpá, ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Pàpá sínú rẹ̀, ó ń gbá ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bá a jà. Ó ń gbọ́ ohùn Pàpá láti ìta, tó ń bú Clovis pé òwú rẹ̀ yí sódì.