Ẹ̀rọ Tó Máa Ń Ṣàìsàn ní Sátidé

"Yéè, ẹ̀yìn mi! Yéè!"

Nọ́ọ̀sì kò tíì wọlé tán tó ti ń gbọ́ ìkérora ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ sórí bàsíà ńlá, aṣọ ibùsùn funfun lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni pé aṣọ náà ṣẹ̀ ẹ́.

"O ti dé? Máa wò mí níran. Báyìí lẹ máa bá òkú mi lọ́jọ́ kan."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mú ẹni tó máa tún ẹ̀rọ yín ṣe wá."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dúró nínú omi.

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tó kọjá, Nọ́ọ̀sì àti Bọ̀dá, àkọ́bí ìyá wọn, ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún un kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi. Kò pẹ́ tó fi ní ó ti bàjẹ́. Ó da aṣọ bò ó, ó gbé irin ìlọṣọ lé e lórí, ó sì padà sídìí bàsíà. Bọ̀dá sọ ẹ̀gbọ́n ní Ẹ̀yìn-ń-ro-mí ní kọ̀rọ̀. Bọ̀dá lè máa ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nọ́ọ̀sì ló ń wá ní gbogbo Sátidé, tó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, tó ń fọ aṣọ oníbàárà tí kò mọ̀ rí, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó.

Lónìí gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn fẹ́ gbọ́ èsì. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kó lọ di ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti ń fi falẹ̀. Ta ló máa wá wo ẹ̀gbọ́n? Bí ẹ̀rọ bá lè jí, bóyá ọ̀rọ̀ á yanjú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ń sáré nu ọwọ́. "Iná lè gbé yín!"

Atúnẹ̀rọṣe, bàbá kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ti ṣí aṣọ kúrò. Ó ki púlọ́ọ̀gì bọ ojú iná, iná pupa sì tàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó ki ọwọ́ sínú rẹ̀, ó fa àpò ìrọ̀rí kan yọ. Ó tutù, ó ń rùn fún ọṣẹ.

"Màmá, kí lẹ ní ó ń ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n nawọ́ láti gba àpò ìrọ̀rí náà.

"Kò sóhun tó ń ṣe é. Alẹ́ àná ni wọ́n lò ó kẹ́yìn." Bàbá náà fi àpò ìrọ̀rí lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò kúrò láàárín ọmọ ìyá méjì.

Nọ́ọ̀sì di àpò ìrọ̀rí náà mú. Àṣé láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè ni ẹ̀rọ ń fọṣọ; bó bá di Sátidé, àìsàn a kì í mọ́lẹ̀. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Òun ti ń jí apirọrọ láti èṣí, ó tún ń bá a tẹ́ ẹní. Inú bí i débi pé ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi ìyà ṣe? Ẹlòmíì ń sá fún un, ẹ̀yin ń wá a bí ẹni tó ń wáṣẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí. Kò tilẹ̀ di ẹ̀yìn mú.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ló wí. "Sátidé àkọ́kọ́ tí ẹ gbé e wá, o bá mi tí mo jókòó, tí mo ń gbọ́ rédíò. Ẹnu ọ̀nà lo dúró sí. O ní inú rẹ dùn pé ara mi le, o sì yí padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, o ò wá. Mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, o wá, ilẹ̀ ṣú mọ́ ọ níbí."

"Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń dá mi dúró! Nítorí yín ni mo ṣe fẹ́ kọ iṣẹ́ ọ̀gá!"

"Iṣẹ́ wo?"

Nọ́ọ̀sì ká àpò ìrọ̀rí náà sí méjì. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ti gbọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń nulẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun ni kò jẹ́ kí òun lè gbéra. "Pẹ̀lẹ́, o mà ń gbìyànjú o," ni wọ́n máa ń wí, òun náà á mi orí bí ẹni tó ru òkè. Ó máa ń dùn mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò tíì sọ fún, ó wá rò ó fún un báyìí.

"Lọ síṣẹ́ rẹ, jàre," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ta ló so ọ́ mọ́lẹ̀? Bó o bá wá kí mi, kó o ṣáà jókòó."

Nọ́ọ̀sì kò jókòó. Ó fa fóònù yọ láti pe Bọ̀dá. *Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lónìí*: ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ohùn "yéè" tó gbọ́ lórí bàsíà nígbà tó dé. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú sì tì í. Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ni.

"Ṣé ò ń lọ àbí o ò lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà…"

Ó wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ti kó aṣọ inú bàsíà sínú ẹ̀rọ, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń yí. Nọ́ọ̀sì dúró kí ẹ̀gbọ́n kérora. Kékeré ì bá tó. Ẹ̀gbọ́n ò kérora.

"Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Kò sóhun tó ṣe é, mà."

"Kí ló wá dé?"

Nọ́ọ̀sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀rù iṣẹ́ náà ló ń bà mí, mà," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kejì sọ́dọ̀ rẹ̀.