Abẹ́rẹ́ Dúró Lórí Okòólénígba

Abẹ́rẹ́ pupa kan tó ń díwọ̀n iná ń gbọ̀n lójú jẹnẹrétọ̀, bí ewé koríko tí atẹ́gùn ìyálẹ̀ta ń mì. Ó gòkè díẹ̀, ó sọ̀ díẹ̀, ó sì dúró lórí ọgọ́sàn-án. Kò tó.

Ṣíjúadé wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Wò ó, ìwọ tí ò ń ka èyí: eruku bo orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́. Láti ìdájí ni iná ti lọ ní Òkèmẹ̀sí. Nínú yàrá ẹ̀yìn, igba ẹyin ẹtù wà nínú ẹ̀rọ ìsàba. Igba ẹyin ni, ìgbà wọn sì ti tó: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n nìyí, èèpo ti ń sán. Bí ooru bá dín, àwọn ọmọ tó ń sọ èèpo láti inú yóò kú sẹ́nu ọ̀nà.

Túbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Òun ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò, ojú gílóòbù ló sì fi ń díwọ̀n iná: bí gílóòbù bá ti mọ́lẹ̀ yòò, iná tó. Pẹ̀lú ojú yẹn ni fáànù ẹ̀rọ ìsàba fi jóná lóṣù tó kọjá, tí gbogbo ẹyin inú rẹ̀ sì di òkú.

“Ìyàwó wa, ṣé sátífíkéètì yunifásítì lo fẹ́ fi sàba ni?”

“Ẹ ṣáà fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Baba Kékeré. Bó bá bàjẹ́, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọdún.”

Iná tí kò tó ń pa ooru. Iná tó pọ̀ jù ń pa ẹ̀rọ. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin okòólénígba tó yẹ ẹ̀rọ àti ọ̀tàlénígba tó ń jó o. Abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí ojú dákẹ́, kí abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀.

Ṣíjúadé yọ wáyà gílóòbù àti ti ẹ̀rọ ìsàba tí Túbọ̀sún kó jọ sójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láìgbé ẹrù, títí ara rẹ̀ fi gbóná, títí ohùn rẹ̀ fi rẹlẹ̀. Ó wá di bọ́tìnnì róbótó mú, èyí tó ń mú iná lọ sókè sódò. Ó yí i, ó wò ó. Ó wò ó, ó yí i. Igba. Igba ó lé mẹ́wàá. Okòólénígba.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gba gílóòbù àpótí tí àwọn ọmọ ẹtù yóò ti máa yá ooru. Gílóòbù ló kọ́kọ́ fi dán iná wò, nítorí gílóòbù ṣeé rà lọ́jà; ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n kò ṣeé rà níbì kankan. Abẹ́rẹ́ sọ̀. Ó yí bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ gòkè. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì gba ẹ̀rọ ìsàba. Abẹ́rẹ́ sọ̀ wìì, ẹ́ńjìnnì gbin, Túbọ̀sún tú apá sílẹ̀. Ṣíjúadé yí bọ́tìnnì díẹ̀, díẹ̀ bíi fífẹ́ èémí.

Abẹ́rẹ́ padà sí okòólénígba. Ó dúró.

Fáànù ń yí. Ooru ń wọlé bí oòrùn ṣe ń wọ pápá lẹ́yìn òjò. Túbọ̀sún fi iwájú orí ti gíláàsì ẹ̀rọ ìsàba, kò rántí ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹyin kan mì. Èèpo là. Ohun tútù kan, tó ní ilà lórí, ti orí jáde.

“Ìyàwó wa o! Ẹ wá wò ó! Ìyàwó wa ló ṣe é!” Ó ń pariwo sí ìta, ó ń pe gbogbo àdúgbò, bí ẹni pé òun ló bí Ṣíjúadé lọ́mọ.

Ọmọ ẹtù náà la ẹnu: pín-ín.

Láti inú èèpo tí kò tíì là, òmíràn dáhùn: pín-ín.

Láti ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́, láti igun òkùnkùn: pín-ín, pín-ín, pín-ín.