Ìgbéyàwó Àwọn Ọmọ Ìdílé Ẹtà

Ní Kyotera, ìlú wa ní Uganda, ọjọ́ tí ọdún bá parí, ilé sinimá Ssentongo ni gbogbo wa ń forí lé. Láàárọ̀, wọ́n á lu àwọn orin tó gbòde lọ́dún náà, a ó sì pariwo lé èyí tó dùn jù. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó kan àwọn aláwàdà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orin kan ṣoṣo ló borí, èyí tí àwọn ọlọ́kadà lù títí ewúrẹ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Àwàdà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, nítorí ìyá ìyàwó nìkan ni wọ́n ń bú. Èmi tí mo ti di ìyá ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni sinimá tí ará ìlú yàn pé ó dára jù lọ́dún. Ti Íńdíà ni, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn nínú wa. Ògbufọ̀ ló ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tó ń fi máìkì sọ ohun tí wọ́n ń wí fún wa, tàbí ohun tó yẹ kí wọ́n wí. Ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ àwọn òṣèré lórúkọ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n Bbosa, ògbufọ̀ wa, ti kó lọ sí Kampala. Zalwango, ọmọ ọmọ mi, lọ bá Ssentongo pé òun fẹ́ gba iṣẹ́ náà.

"Obìnrin?" Ssentongo ní. "Bí jagunjagun bá ń jà, ta ni yóò máa bú ramúramù?"

"Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ohùn Jjajja, ìyá àgbà mi, rí ni? Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ mi."

Ssentongo rẹ́rìn-ín. Ó ní kó dán an wò lọ́jọ́ ìparí ọdún. Bí èrò bá jókòó títí sinimá fi parí, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, òun á mú ọkùnrin kan wá láti Masaka, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà ti kọ ilé aránṣọ sílẹ̀ nítorí èyí. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹ̀wù rí.

Mo tètè dé, mo fi ìdí mi gba àyè èèyàn mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì iwájú, mo gbé ife tata díndín lé itan. Ohùn Zalwango kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá dúró ṣinṣin. Ó sọ ọ̀dọ́kùnrin tó ni eré ní Walusimbi. A pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan jáde létí odò.

"Ẹ wo Nakku, arẹwà!"

Tata há mi lọ́fun.

Lọ́dọ̀ wa, ẹranko la fi ń pe ìdílé, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀. Walusimbi, orúkọ ìdílé Ẹtà. Nakku, orúkọ ìdílé Ẹtà. Ẹni tí ẹ bá jọ jẹ́ ìdílé kan náà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ ni, ì báà jẹ́ ìpẹ̀kun ayé ló ti wá. Gbogbo wa sì ti wo sinimá náà rí: a mọ̀ pé ìgbéyàwó ló parí rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ó ń ṣẹ́jú sí àbúrò rẹ̀!" Kigongo alápatà ló pariwo.

"Zalwango, dá wọn dúró!"

"Bí wọ́n bá fẹ́ra, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ò ní so lọ́dún tó ń bọ̀!"

Orúkọ tí ògbufọ̀ bá ti sọ, ó ti sọ ọ́ ná. Ẹni tó bá yí i padà, wọn kì í gbà á gbọ́ mọ́. Orin ìfẹ́ dé, àwọn méjèèjì ń lé ara wọn yí igi ká. Zalwango ní ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àbúrò ní eré sísá. Irọ́ náà kò tà. Ẹ̀gbọ́n wo ló ń di àbúrò mú níbàdí bẹ́ẹ̀? Ìyá kan wọ́ ọmọ rẹ̀ jáde pé kò ní wo èèwọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde, wọ́n ń wá bàtà. Ssentongo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ ti wà ní Masaka.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Walusimbi já wọ inú àwòrán, ó wó lulẹ̀, ó ń sunkún, ó ń lu àyà. Ohun tó ń wí gan-an, Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tí Bbosa túmọ̀ rẹ̀, ó ní eyín ló ń dùn ún. Zalwango fa máìkì mọ́ ẹnu. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi látinú ẹ̀rọ, àti bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá gun òkè:

"Ẹ gbà mí, èèyàn mi! Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí n tó kú! Walusimbi, ìwọ kì í ṣe ọmọ Ẹtà! Baba tó o mọ̀ wà lóko kọfí, òtútù sì ń mú mi. Eléèédú kan yà, ọmọ ìdílé ẹja Mmamba. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò!"

Ọkọ rẹ̀, bàbá arúgbó inú àwòrán, gbá orí mú.

"Eléèédú?" Zalwango bú ramúramù. "Ẹni tí mò ń kí láràárọ̀!"

Ẹ̀rín wó ilé. Kigongo ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. "Ọmọ Mmamba ni! Wọ́n lè fẹ́ra!" Ìyá tó wọ́ ọmọ jáde sáré padà, ó bá èèyàn lórí àyè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí ìgbéyàwó dé, àwa obìnrin ké bí ẹni tó wà níbi ìyàwó gidi. Kò sẹ́ni tó jáde títí iná fi tàn.

Ssentongo fi máìkì lé Zalwango lọ́wọ́. "Mú un. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ kọ́ orúkọ àwọn ìdílé."

Bí mo ṣe ń jáde, Kigongo ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Jjajja, ohùn yín mà nìyẹn! Eléèédú wo ni?"

"Wọ́n pọ̀, ọmọ mi. Èwo lò ń bèèrè?"