Àga Kejì

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti pe ẹni orí àga kìíní wọlé. Màmá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdí kúrò lórí àga kejì, ó sún sí àga kìíní, ó kún un bámúbámú, ni nọ́ọ̀sì bá yọjú.

"Àga kejì!"

Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sún síbẹ̀ dìde, ó wọlé tọ dókítà lọ.

"Nọ́ọ̀sì, èmi ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "A ti pe àga kìíní, Màmá."

"Lóòótọ́. Àmọ́ ìdí ẹlòmíràn lo pè. Tèmi ò tíì débẹ̀ nígbà yẹn."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ rín in títí àga fi ń ké. Ọmọ ọmọ rẹ̀ onígíláàsì tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan nìkan ni kò rín. Kó tó di ọ̀sán ló gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un ránṣẹ́: ètò kọ̀ǹpútà tí yóò yọ orúkọ àwọn oníbàárà tó ti lọ kúrò nínú àkójọ. Gbogbo ìgbà tó bá dán an wò, ètò náà á ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bí kò bá tún un ṣe, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Ojú-Gíláàsì, ta ló pa ẹ́ lẹ́nu mọ́?" ni Màmá Àgbà bi í.

"Màmá, ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe fún yín gan-an ni ètò mi ń ṣe. Nọ́ńbà àga ló ń tẹ̀ lé. Tó bá yọ ẹnìkan, àwọn tó kù á sún síwájú, á wá fo ẹni tó kàn."

*Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n,* ni Màmá Àgbà rò.

"Kí ló ń fi nọ́ńbà ṣe? Ì báà jẹ́ orí àga, ì báà jẹ́ bẹ́ǹṣì, ká tilẹ̀ fara ti ògiri, ìbéèrè méjì ló wà ńbẹ̀. Ṣé ó ku ẹnìkan? Ta ló kàn?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. Ó pa nọ́ńbà rẹ́. Ó jẹ́ kí àkójọ fúnra rẹ̀ máa sọ ẹni tó kàn, ó sì jẹ́ kí ètò tó ń béèrè máa yọ ẹni náà kúrò. Ó dán an wò.

"Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù." Ó fi ránṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì tún yọjú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo ìwé. "Ta ló kàn?"

Màmá Àgbà dìde, àga bá a dìde. Èèyàn méjì ló bá a fà á yọ. Ẹ̀rín ló ń rín lọ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà, kó tó rántí ògiri ilé ìwẹ̀ rẹ̀ àtijọ́. Àràárọ̀ ló ń to àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ tán á sá jáde, ìyókù á sún síwájú, òun á sì máa fi ọṣẹ tẹ̀ lé ògiri lọ láti àyè kan dé èkejì. Ọmọbìnrin kan máa ń sunkún pé wọn ò wẹ òun. Irọ́ ni Màmá Àgbà máa ń pè é, á tún kàn án níkòó lé e.

Ó yíjú padà sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Pe ìyá rẹ. Sọ fún un pé òótọ́ ló ń sọ ní ilé ìwẹ̀ nígbà yẹn."