Bí Jẹ̀dí-jẹ̀dí Orville Ṣe Di Ìròyìn Gbogbo Igbó

Ẹni tí ìdí ń dùn kò lè parọ́ pẹ́. Bó bá ti fẹ́ jókòó, àṣírí tú. Orville Lindqvist sì ti ń pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Awakọ̀ agbégilódò ni, ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń kó igi láti igbó òkè ní Kánádà wá sí ilé ìlagi nísàlẹ̀. Ó sọ fún Marnie ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ó sọ fún àwọn awakọ̀ yòókù pé orúnkún ni. Kò sí ẹ̀yà ara tí kò dá lẹ́bi tán, àfi èyí tó jẹ̀bi.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Pupa fòò, lára tíṣù, nígbà mìíràn nínú omi ilé ìgbẹ́. Bàbá rẹ̀ rí irú rẹ̀ rí, jẹjẹrẹ ìfun ló sì gbé ọkùnrin náà lọ kó tó pé ọgọ́ta ọdún. Orville ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ti ṣe ìṣirò náà sínú, ó sì ti pinnu pé dókítà kankan kò ní rí ìdí òun, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá dárúkọ kò tíì sí. Ọgbọ́n ẹni tó di ojú, tó ní ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, nínú oṣù kejì ọdún, yìnyín bo òkè bo ilẹ̀. Orville ti di igi kún ọkọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí Delphine, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń se oúnjẹ ní àgọ́ àwọn agégi, bá a wọkọ̀ lọ sí ìlú. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lobìnrin náà fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ gba ṣíbí. Ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

Ọ̀nà igbó ọ̀hún tóóró bí ọ̀fun adìẹ. Ọkọ̀ méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n má forí gbára, àfi níbi tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìyàgò. Nítorí náà, rédíò ni ẹ̀mí gbogbo wọn. Bí o bá dé pátákó kìlómítà kan, o tẹ bọ́tìnnì gbohùngbohùn, o kéde: "Ogójì, mo ru igi, mò ń sọ̀ kalẹ̀." Ẹni tó ń gòkè lófìfo á gbọ́, á yà fún ọ. Ìkànnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu àwọn tó kù ti pa dé nìyẹn. Etí nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn.

Ohùn Kuldip, awakọ̀ katakata tó ń gbá yìnyín, ló kọ́kọ́ jáde. "Orville, yà sí kìlómítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ yìí ń yọ̀ bí ilá. Má ṣe kúrò níbẹ̀ títí n ó fi pè ọ́."

"Mo gbọ́, Kuldip."

Ó yà, ó dúró. Ìrora sì ta á lẹ́ẹ̀kan náà. Dípò kó fi gbohùngbohùn kọ́ sí ìkọ́ rẹ̀, ó jù ú sórí àga, ó gbé ìdí sókè, ó tún nǹkan tó jókòó lé ṣe, ó rọra jókòó padà. Gbohùngbohùn ti yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì ti wọlé. Orville kò mọ̀. Ohun tó rí ni pé rédíò dákẹ́ wẹ́lo, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

"Orville."

"Ẹ̀n, Àǹtí."

"Kí lo jókòó lé yẹn?"

"Tìmùtìmù ni."

"Tìmùtìmù tó lẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ?"

Orville wo ilẹ̀. Róbà aláfẹ́fẹ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń lúwẹ̀ẹ́ ni, ó ní ihò láàárín. Ó ti fi kóòtù bò ó, ṣùgbọ́n orí pẹ́pẹ́yẹ náà ti yọ láàárín itan rẹ̀, ó ń wo Delphine tojú-tìyẹ́.

"Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni," ni Delphine wí.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí o, Àǹtí."

"Ẹ̀yìn wo? Ìdí tí mo ti wò láyé mi ju igi tí o ti rù lọ. Ẹni ẹ̀yìn ń dùn kì í jókòó bí adìẹ tó fẹ́ yé."

"Ẹ dákun, ẹ rọra. Bí Clem àgbà awakọ̀ wa, tó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, mo gbé."

"Ta ni yóò sọ fún un? Èmi, ìwọ àti pẹ́pẹ́yẹ ló wà níbí."

Orville mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìdí ni. Àga tútù ló fà á." Níbòmíràn, ṣúgà ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi jẹ̀dí-jẹ̀dí rù, lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ yìí, àga tútù ni.

"Àga tútù! Bó bá jẹ́ àga tútù ni, gbogbo Kánádà ì bá ti máa nàró jẹun. Ìgbà wo lo yàgbẹ́ kẹ́yìn?"

Orville wo òde bí ẹni tí igi kan ń pè.

"Mo ní ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Àìkú."

"Òní Ọjọ́bọ̀, Orville!"

"Mo gbìyànjú lánàá. Mo jókòó fún ìdajì wákàtí. Mo ń wo bọ́ọ̀lù orí yìnyín lórí fóònù, mo sì ń tì í díẹ̀díẹ̀."

"Ó ń tì í díẹ̀díẹ̀! Omi ńkọ́?"

"Bí mo bá mu omi, mo ní láti dúró tọ̀. Kọfí ni mò ń mu."

"Oúnjẹ?"

"Ẹran gbígbẹ. Búrẹ́dì. Wàràkàṣì."

"Ewébẹ̀?"

"Ọ̀dùnkún díndín."

Delphine pa àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Gbọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà létí ihò ìdí gbogbo ènìyàn, bí tìmùtìmù kékeré ni Ọlọ́run ṣe é síbẹ̀. Ìgbẹ́ tìrẹ gbẹ bí èèpo igi, o wá ń fi agbára tì í, o sì ń jókòó lé e láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kí lo fẹ́ kó ṣe? Ó wú ni! Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, jókòó sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Máa mu omi. Jẹ ẹ̀wà, jẹ èso, jẹ ọkà tí wọn ò bó. Bí ìgbẹ́ bá pè ọ́, jẹ́ ẹ, má sọ fún un pé ó di ìlú. Bí o bá jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò wá, dìde, kì í ṣe gbèsè. Fóònù yẹn, fi sílẹ̀ níta." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a wá?"

Ìyẹn ni Orville ti ń sá fún. Ó fi àtàǹpàkò rún orí pẹ́pẹ́yẹ náà.

"Oṣù méjì."

"Oṣù méjì, o ò sì sọ?"

"Àǹtí, bó bá jẹ́ ti bàbá mi ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ jẹ̀dí-jẹ̀dí lásán. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òun náà ni. Ṣùgbọ́n láti orí àga ọkọ̀, ta ló lè rí inú ìfun? Ẹ̀jẹ̀ ìdí kì í ṣe ohun à ń méfò. Dókítà ló gbọ́dọ̀ wò ó."

"Bí yìnyín bá ti yọ́, tí iṣẹ́ bá parí, n ó lọ."

"Ohun tí bàbá rẹ náà wí nìyẹn."

Orville tẹ orí pẹ́pẹ́yẹ náà mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí wọ́n kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgbàgbà. Kuldip ni. Ó ti wa katakata gun òkè wá, yìnyín ti so mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó ń fi eyín há ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

"Orville, dìde."

"Ọ̀nà ti dáa? O ò pè mí."

"Báwo ni n óò ṣe pè ọ́? Orí gbohùngbohùn lo jókòó lé! Láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló dúró káàkiri òkè yìí, kò sẹ́ni tó lè kéde, kò sẹ́ni tó lè rìn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tá à ń ṣe ni ká máa gbọ́ nípa ìdí rẹ."

Orville dìde. Bọ́tìnnì tú. Rédíò bú sáyé bí ilé oyin tí wọ́n sọ lókùúta. Clem gan-an ló ké ju gbogbo wọn lọ, Orville sì pa ojú dé, ó ń retí ikú ẹ̀sín.

"Orville! Ọjọ́ Àìkú lo ní? Ọmọdé ni ọ́! Èmi, Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá!"

"Àwa ń bẹ níbí náà," ni ohùn mìíràn wí. "Ẹ rántí ìgbà tí mo ní mo lọ pẹja? Kò séjá kankan. Róbà tín-ín-rín ni dókítà fi so tèmi, ó gbẹ, ó já bọ́. Mo padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì."

"Àǹtí Delphine! Ṣé iyọ̀ máa wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn?"

"Kò pọn dandan," ni Delphine kígbe sínú gbohùngbohùn, "ṣùgbọ́n kó má bó ọ o!"

Kuldip nawọ́ gba gbohùngbohùn. "Ẹ dákẹ́ ná. Clem, ìdájọ́?"

Clem kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Orville, gbé igi rẹ délé ìlagi lónìí, a ó yà fún ọ. Láti ọ̀la, bí o bá kéde kìlómítà lórí òkè yìí láìtíì rí dókítà, ẹnikẹ́ni ò ní yà fún ọ. Ru igi, ru òfìfo, ojú ọ̀nà lo máa sùn."

"Mo fọwọ́ sí i," ni ọ̀kan wí. "Èmi náà." Wọ́n pé mẹ́sàn-án.

Awakọ̀ tí wọn kò bá yà fún kì í ṣe awakọ̀ mọ́. Orville bú wọn kúnnákúnná títí dé ìsàlẹ̀ òkè, ó bú bàbá wọn, ó bú táyà wọn. Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà lọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin kékeré kan tí ìka rẹ̀ kò kéré tó bí Orville ṣe rò. Ó ní jẹ̀dí-jẹ̀dí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí ti bàbá rẹ̀, wọn yóò fi kámẹ́rà wo inú ìfun pátá. Nígbà tí ọjọ́ náà kù ọ̀la, wọ́n fún un ní omi oògùn ìfọnú. Ọkùnrin tó ń fi ọjọ́ mẹ́rin dúró de ìgbẹ́ kò rí àyè bọ́ sòkòtò rẹ̀ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Marnie ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló sì ń dúró dè é nínú ọkọ̀. Orville jáde, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó. Marnie yíjú sí i.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Kò sí níbẹ̀," ni Orville wí. "Ti bàbá mi. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n rí kókó kékeré kan, wọ́n ti gé e. Dókítà ní kò tíì di nǹkan kan, ṣùgbọ́n ká ní mo fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, òun ò mọ ohun tí ì bá dà. Ìyókù, jẹ̀dí-jẹ̀dí ni. Jẹ̀dí-jẹ̀dí lásán, Marnie!"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Èjìká rẹ̀ ń mì. Marnie kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, òun náà ń ṣe méjèèjì.

"Ebi ń pa mí kú lọ," ni Orville wí nígbà tó nu imú tán. "Jẹ́ ká lọ jẹ ẹ̀wà. Abọ́ méjì. Mẹ́ta."

Marnie ronú wákàtí méjì tí wọn yóò jọ fi jókòó nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́yìn abọ́ ẹ̀wà mẹ́ta kí wọ́n tó délé. Ó ṣíná sí ọkọ̀, ó sì sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ díẹ̀, òtútù tàbí kò sí òtútù.